Ẹsẹ̀ La Fi Ń Gbá Tẹníìsì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, kì í sì í ṣe ti ewì. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni tẹníìsì ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ Yorùbá. Èsì mi kò gùn. Ohunkóhun tí a bá lè fi èdè wa rò, tí a sì lè fi èdè wa jiyàn lé lórí, ti ẹgbẹ́ yìí ni. Ẹni tó bá sì rò pé àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá kò mọ nǹkan mìíràn ju kí á máa kéwì lọ, kí ó wá wò wá ní pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Èrò mi ni pé ẹsẹ̀ ni a fi ń gbá tẹníìsì. Ọwọ́ kàn ń bá a parí iṣẹ́ ni. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ eré náà nínú ọgbà àwọn yunifásítì wa, níbi tí a ti ń ki rákẹ́ẹ̀tì bọ ọmọ tuntun lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dára. Ó ń ba eré àwọn tí ń gbá a jẹ́, ó sì ń ti àwọn tí kò ní owó rákẹ́ẹ̀tì síta. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo pápá náà fúnra rẹ̀. Gígùn rẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn kan dé ìkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78, ìyẹn mítà 23.77. Ìbú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ẹni kan sí ẹni kan ni wọ́n ń gbá a, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27. Bí ènìyàn bá dúró ní àárín gbùngbùn ìlà ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà 13 àbọ̀ péré ló wà láàrin rẹ̀ àti ìlà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bákan náà ni ti òsì. Yọ gígùn apá àti ti rákẹ́ẹ̀tì kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin! Ta ni kò lè gbé ìyẹn? Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni à ń rí géńdé ọkùnrin tó lè sáré ọgọ́rùn-ún mítà kí ó sì gba ẹ̀bùn, tí bọ́ọ̀lù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kò lè sáré. Kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbéra ni. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá dáadáa láti ìlà ẹ̀yìn kan sí ìkejì kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí díẹ̀ lé lórí rẹ̀ kí ó tó dé. Ẹni tó bá ti fi ìdajì àkókò yìí wòran, ìdajì tó kù ni yóò fi gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin, tí yóò fi yí èjìká, tí yóò sì fi ju apá. Kò lè dọ́gba.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Àwọn tó mọ eré yìí kì í dúró gbagidi nígbà tí alátakò wọn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Wọn a fò fẹ́rẹ́. Fífò náà kì í ga rárá, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó lè má rí i. Ẹsẹ̀ méjèèjì a fẹ̀ ju ìbú èjìká lọ díẹ̀, orúnkún a tẹ̀, gìgísẹ̀ kò sì ní fi gbogbo ara lé ilẹ̀. Wọn a fò ó bí rákẹ́ẹ̀tì ẹni kejì bá ti ń bọ̀ wá pàdé bọ́ọ̀lù, wọn a sì balẹ̀ ní kété tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lójú rákẹ́ẹ̀tì náà. Kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀ tán, ojú ti sọ fún wọn ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún ni, ẹsẹ̀ òsì ni yóò kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, òun ni yóò sì ti ara lọ sí ọ̀tún. Bí ara ṣe ń balẹ̀ yìí, iṣan itan àti iṣan ẹ̀yìn ojúgun a fà bí rọ́bà kànnàkànnà, wọn a sì ta ẹni náà jáde. Ẹni tó dúró gbagidi kò ní ohun tí yóò ta á. Ó ní láti kọ́kọ́ tẹ orúnkún, kí ó tó wá ronú àtilọ.

Mo ń pe fífò yìí ní "ìfò ìmúra". Àwọn olùkọ́ wa nínú ẹ̀dá-èdè lè rí orúkọ tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní tẹníìsì ṣì ń fi ọwọ́ júwe ni. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wá ohun tí yóò kọ àpilẹ̀kọ oyè lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni ìfò ìmúra láàrin wa. Ẹ wo oníjó bàtá. Nígbà tí ó bá ń dúró de ohùn ìyáàlù, kì í nàró ṣánṣán. Orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀, àyà rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì sinmi lé ilẹ̀ tán. Bí ìlù bá ti wọlé báyìí, ẹsẹ̀ ti dáhùn. Oníjó tó bá nàró, tó ní òun ń dúró kí òun gbọ́ ìlù tán kí òun tó tẹ̀, ìlù yóò ti kọjá lọ kí ó tó dìde sí i, àwọn òǹwòran yóò sì rẹ́rìn-ín.

Èyí tó tún sún mọ́ ọn ju bàtá lọ ni eré tẹn-tẹn tí àwọn ọmọdébìnrin ń ṣe ní àgbàlá ilé àti ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni méjì a dojú kọ ara wọn, wọn a máa pàtẹ́wọ́, wọn a máa kọrin, wọn a fò sókè pọ̀, bí wọ́n bá sì ti ń balẹ̀, oníkálukú a na ẹsẹ̀ kan síwájú. Bí ẹsẹ̀ wọn bá pàdé, ẹni kan ló jẹ. Bí kò bá pàdé, ẹnì kejì ló jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọmọ náà ń kọ́ níbẹ̀? Ó ń kọ́ bí a ṣe ń fò ní àkókò kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, bí a ṣe ń wo ara ẹni tó wà níwájú wa kí a lè mọ ohun tó fẹ́ ṣe, àti bí a ṣe ń pinnu nínú afẹ́fẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi ọdún mẹ́fà ṣe èyí, ohun tó ṣòro jù nínú tẹníìsì ti wà lára rẹ̀. Àmọ́ bí ọmọ yìí bá dé yunifásítì, tó fi ẹ̀rù ya pápá tẹníìsì, kí ni wọn yóò sọ fún un? "Àǹtí, ẹ bá wa ṣa bọ́ọ̀lù yẹn." Yóò ṣa bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì ní í wá mọ́. Mo ti rí i lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tí ń rán an níṣẹ́ bọ́ọ̀lù náà kò sì ní ẹsẹ̀ tó ní.

Lẹ́yìn ìfò ìmúra, ohun tó kàn ni ìgbésẹ̀. Gígùn ni à ń gbé e láti sún mọ́ bọ́ọ̀lù, kéékèèké ni à ń gbé e nígbà tí a bá dé ìtòsí rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù má baà há mọ́ wa lára tàbí kí ó jìnnà sí wa jù. Ìdí nìyí tí bàtà àwọn ọ̀gá eré yìí fi máa ń dún ṣìn-ìn-ṣìn-ìn lórí ilẹ̀ líle. Ẹni tó bá ń lo ìgbésẹ̀ gígùn nìkan, apá rẹ̀ ni yóò máa fi wá bọ́ọ̀lù kiri, ìgbọ̀nwọ́ ni yóò sì máa dùn ún.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí i pé a kì í kọ́ ẹnikẹ́ni rárá ni ibi tó yẹ kí a padà sí lẹ́yìn tí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán. "Padà sí àárín! Padà sí àárín!" ni àwọn olùkọ́ eré máa ń pariwo. Ìdajì òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé o wà ní igun ọ̀tún, o sì gbá bọ́ọ̀lù láti igun dé igun, tó gba orí àárín àwọ̀n kọjá. Alátakò rẹ wà ní ìhà tó kọjú sí òsì rẹ báyìí. Bí ó bá fẹ́ gbá a gba ẹ̀gbẹ́ ìlà tààrà, bọ́ọ̀lù kò lè kọjá ìlà òsì rẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ dá a padà láti igun dé igun, ó lè fà á jìnnà sí ọ̀tún, kí ó tilẹ̀ jáde kúrò nínú pápá lẹ́yìn tó bá ti ta. Nítorí náà, ibi tó yẹ kí o dúró kì í ṣe àárín gan-an bí kò ṣe ọ̀tún àárín díẹ̀. O kò ní rìn jìnnà kí o tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé láti igun ọ̀tún yẹn ni o ti gbá a tààrà gba ẹ̀gbẹ́ ìlà, ọ̀rọ̀ yí padà. Òsì àárín ló yẹ kí o dúró, o sì ní láti sáré kọjá àárín kí o tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibẹ̀. Wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù tó dára, tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún, bọ́ọ̀lù kejì ni yóò sì gba ẹ̀yìn wọn lọ.

Láti igun dé igun tún gùn ju tààrà lọ: ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 82, nígbà tí tààrà jẹ́ 78. Àwọ̀n náà kò sì ga tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ bàtà 3 ni gíga rẹ̀ ní àárín, ṣùgbọ́n 3 àbọ̀ ni lẹ́bàá òpó. Bọ́ọ̀lù rí àyè, ẹni tó gbá a náà rí àyè. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nígbà náà, orí wà nínú rẹ̀. Àgbà olùkọ́ kan wà tí mo máa ń wò nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ogún ọdún ṣe ń wá ni ó ń nà wọ́n. N kò rí i kí ó sáré rí. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ni ó máa ń wà.

Àwọn kan yóò ní agbára apá àti gíga ni tẹníìsì òde òní. N kò jiyàn pé apá kò wúlò. Ẹni tó sáré dé ibi bọ́ọ̀lù tí kò wá mọ ohun tí yóò fi ṣe, ìránṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Michael Chang, ọmọ Amẹ́ríkà, tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé ní Paris ní 1989. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 9 lọ. Ó na Ivan Lendl tó jẹ́ ẹni kìn-ín-ní ní àgbáyé nígbà náà, ó sì na Stefan Edberg ní àṣekágbá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé agbára apá rẹ̀ ju ti Lendl lọ. Björn Borg ará Sweden tó gba Wimbledon ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra láti 1976 dé 1980, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn tó bá a gbá a máa ń ráhùn lé lórí.

Bí a bá sì fẹ́ ti ilé, Nduka Odizor wà níbẹ̀. Ní Wimbledon ti 1983, ó pàdé Guillermo Vilas ará Ajẹntínà, ẹni tí wọ́n tò sí ipò kẹrin nínú àwọn tí wọ́n rò pé ó lè gba ife. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor gba mẹ́ta tó kù, ó sì bá eré náà dé ìpele kẹrin. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún lórí koríko, bí ẹsẹ̀ bá ti kú, kí ni apá yóò ṣe? Ọmọ tí ń ṣa bọ́ọ̀lù ní Èkó ni Odizor kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Èmi kò rò pé èyí jẹ́ ohun kékeré. Ọmọ tí ń ṣa bọ́ọ̀lù ń lo ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́: yóò bẹ̀rẹ̀, yóò gbéra, yóò dúró lójijì, yóò sì máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ẹ má ṣe sọ pé mo ti ta ko ara mi nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn ọmọbìnrin wa. Ẹni tó kọ́ Odizor ní eré lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ṣíṣà rẹ̀ wúlò. Tiwa, a rán ọmọ níṣẹ́ bọ́ọ̀lù, a kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí bí wọ́n ṣe yan àwọn tí yóò ṣojú wọn ní ìdíje. Oníkálukú sáàfù bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, ó sì gbá díẹ̀ ní ọwọ́ iwájú àti ní ẹ̀yìn ọwọ́. Àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn dún gbàù ni wọ́n mú. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbá sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tán. Nígbà tí ìdíje dé, tí oòrùn ọ̀sán sì mú, sẹ́ẹ̀tì kẹta ni wọ́n máa ń kú sí. Wọn a gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọn a máa mí hẹlẹhẹlẹ, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá kọjá ní sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní a wá máa kọ́ àwọ̀n. Ìròyìn tí wọ́n mú wá sílé ni pé rákẹ́ẹ̀tì àwọn alátakò dára ju tiwọn lọ.

Rákẹ́ẹ̀tì! Owó rẹ̀ ni a fi ń bojú. Ẹsẹ̀ kì í béèrè owó. Ẹni méjì lè fi ẹfun fa ìlà sí ilẹ̀: ọ̀kan a dúró ní iwájú, a máa na ọwọ́ sí ọ̀tún tàbí òsì; èkejì a fò ìfò ìmúra bí ó bá ti rí ọwọ́ tó gbéra, a gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta, a sì padà. Kí wọ́n ṣe é ní ìdajì ìṣẹ́jú, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Bí bọ́ọ̀lù àlòkù kan bá wà, kí ẹni kan gbé e sókè ní ìwọ̀n èjìká, kí ó jù ú sílẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kejì tó wà ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí i sáré gbá a mú kí ó tó ta lẹ́ẹ̀kejì. Okùn fífò wà. Súwè wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹni méjì wọ inú àpótí sáàfù ní ìhà méjèèjì àwọ̀n, kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ hán an lẹ́yìn tó bá ta lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti hán an ni wọn yóò ti jù ú padà. Tẹníìsì gidi ni, rákẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí fún oṣù kan kí ó tó di rákẹ́ẹ̀tì mú, ọwọ́ rẹ̀ yóò rí iṣẹ́ ṣe, nítorí yóò ti wà níbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ bàtà kò ní pẹ́. Bàtà tí wọ́n ṣe fún eré sísá máa ń ga ní gìgísẹ̀, ó sì máa ń rọ̀. Iwájú nìkan ni ó mọ̀. Bí ènìyàn bá fi yà sí ẹ̀gbẹ́ lójijì, ọrùn ẹsẹ̀ lè yẹ̀. Kańfáàsì pẹlẹbẹ lásán sàn ju ú lọ. Àwọn tí ń wo Djokovic nínú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n rí i tí ó ń yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ líle kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìyẹn sílẹ̀. Lórí amọ̀ pupa ti Paris, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gba ènìyàn láyè láti yọ̀. Sìmẹ́ńtì tiwa tí yanrìn bò kì í gba ènìyàn láyè, ó ń gbé ènìyàn ṣubú ni. Ìgbálẹ̀ kò sì wọ́n. Kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pápá gbá a, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò eré ní àwọn yunifásítì wa kò pọ̀. Kí wọ́n ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mú rákẹ́ẹ̀tì wọ pápá, kí ọmọ tí kò ní náírà kan lápò lè bá ọmọ olówó dúró ní ìlà kan náà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yan àwọn tí yóò lọ sí ìdíje NUGA, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbá sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta pé, kí ẹni tó ń yàn wọ́n jókòó síbẹ̀ títí dé òpin, kí ó sì máa wo ìsàlẹ̀ orúnkún.

Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa, nígbà tí a bá ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, a máa ń ta ayò, a máa ń jó, a sì máa ń jìjàkadì. Mo fẹ́ kí a fi ọjọ́ kan kún un fún eré ọwọ́ lásán tí mo júwe yìí, kí ọkùnrin àti obìnrin jọ ṣe é. Bọ́ọ̀lù àlòkù mẹ́fà àti ẹfun díẹ̀ ni a nílò. Èmi yóò mú bọ́ọ̀lù wá. Mo sì ti ń rí àwọn ọmọ tẹn-tẹn wa tí yóò kó ìtìjú bá àwọn ọ̀gá onírákẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà.